Erékùṣù Tí Igi Ti Ń Fàyà Fà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹsẹ̀ tó lọ ti dé. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí ìdúró. Mo lọ síbi tí ilẹ̀ ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ̀rù sì bà mí níbẹ̀ débi pé mo fi ọwọ́ àti orúnkún rìn bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù kò ba òun níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó débẹ̀ lóòótọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà ní Manchester. Gorton ni ilé mi. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́bàá Oxford Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Mo rò pé mo mọ òtútù. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Òtútù Manchester, àbúrò òjò ni. Á bá ọ jà, á mú kí o rin gbingbin, á sì fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tí o bá wọ bọ́ọ̀sì. Èyí tí mo lọ bá lókè ọ̀hún kì í bá èèyàn jà. Ó kàn ń wò ọ́ ni. Ó ń dúró kí o ṣe àṣìṣe ẹyọ kan.

Ọmọ ló gbé mi débẹ̀. Tọ́pẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti ìyá rẹ̀ bí, obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Manchester la bí i sí, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ló sì kà ní yunifásítì. Wọ́n rán an lọ sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Svalbard, tó jìnnà réré sókè Norway, kó lọ máa wọn bí ilẹ̀ dídì ibẹ̀ ṣe ń yọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ fún wa. Bí oṣù kẹta ti ń parí lọ, ó pè wá lórí fóònù pé òun fẹ́ dúró di ìgbà òkùnkùn.

Ìyá rẹ̀ ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó gbé ọmọrogùn sílẹ̀.

"Òkùnkùn báwo?"

"Mummy, oòrùn ò ní yọ mọ́ fún like oṣù mẹ́ta àti àbọ̀. Ó normal níbí. Everybody ń ṣe é."

"Ta ni everybody? Ọmọ ta ni? Ṣé mo mọ ìyá ẹ̀?"

Nígbà tí a pa fóònù, ìyàwó mi kò jẹun. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ lọ bá mi mú ọmọ mi wá kí oòrùn ibẹ̀ tó wọ̀. Bí ẹ ò bá mú un bọ̀, ẹ yáa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ tram lọ sí Oldham, ó sì ra ẹ̀wù òtútù kan bọ̀ fún mi, ẹ̀wù tó nípọn bíi tìmùtìmù, tó funfun bíi lékeléke. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ funfun. Ó ní ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í wọ dúdú. Ẹ fi ẹ̀wù yẹn sọ́kàn o.

Ìlú tó dúró lórí òpó

Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, mo kọ́kọ́ rò pé egungun ni mò ń wò. Orí àwọn òkè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ẹ̀gbẹ́ wọn sì yọ egungun ìhà síta bí màlúù tí ebi pa kú. Láàárín òkè kan àti èkejì, odò yìnyín ló dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n ojú èèyàn kò lè rí i kó ṣàn. Mo wá igi. Mo wá a títí. Ẹ̀yin ará ilé, n kò mọ̀ pé ara igi ni ojú mi ti ń sinmi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí kò sí igi kankan.

Bí a ti jáde, àwòrán béárì funfun ló kí wa káàbọ̀ lójú ọ̀nà, lára pátákó, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọmọ iléèwé sí ẹ̀bá títì níbòmíràn kí ọkọ̀ lè rọra. Afẹ́fẹ́ gbé mi sí ọ̀tún, ó gbé mi sí òsì. Tọ́pẹ́ ti ń dúró dè mí.

"Daddy, ẹ kú àbọ̀ o!" Ó kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Manchester, èyí tí orúnkún kì í kanlẹ̀. Ó dìde, ó rí ẹ̀wù mi, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Kí lẹ wọ̀ yìí? Ta ló ń wọ white wá síbí? Ẹ jọ béárì!"

"Ìyá ẹ ló rà á."

"Oh. Okay. Ó fine."

Kò sí ilé kan níbẹ̀ tó fìdí kanlẹ̀. Gbogbo wọn dúró lórí òpó bí ẹyẹ odò. Tọ́pẹ́ ṣàlàyé fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé awọ òkè díẹ̀ ló máa ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí ooru ilé bá kan ilẹ̀, ilẹ̀ á rọ̀, ilé á sì rì. Mo bi í pé òkú wọn ńkọ́.

"Wọn kì í sìnkú síbí mọ́, Daddy. Ilẹ̀ máa ń tì wọ́n padà sókè."

Mo dúró lójú títì. Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láyé, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀tù sí ọkàn mi: bó ti wù kó rí, ilẹ̀ á gbà mí. Mo wá dé ibi tí ilẹ̀ kì í ti í gbani.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn. Ní Gorton, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń yí kọ́kọ́rọ́ kí n tó sùn. Níbẹ̀, wọ́n ní bí béárì bá lé ẹ, ilé tó bá sún mọ́ ẹ ni kí o wọ̀, yálà o mọ onílé tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Kí o ṣáà bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ bàtà wọlé lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn jọ mí lójú. Mo ń rò ó bí èèyàn ṣe máa jókòó bọ́ bàtà nígbà tí béárì ń bọ̀.

Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni, aṣálẹ̀ tó dì. Oòrùn kì í gun orí. Ẹ̀bá òkè ló máa ń gbà yí ká bí olùṣọ́ tó ti rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọ̀sán sì ń tín-ín-rín sí i bí ọṣẹ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Mo ń kà á. Mo ní iṣẹ́ tí mo wá jẹ́, ọjọ́ ò sì dúró dè mí.

Oúnjẹ àti òfin

Wọn kì í jẹ́ kí Tọ́pẹ́ jáde ní ìlú láìsí ẹni tó gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní Ingrid ni orúkọ ẹni náà. Mo ti ń retí òmìrán. Àgbàlagbà obìnrin kan ló jáde, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Mo tẹrí ba, mo na ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ láti mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó pè wá wá jẹun nílé rẹ̀. Ẹran àgbọ̀nrín ló sè pẹ̀lú ọ̀dùnkún, kò sí ata níbẹ̀ rárá. Ẹran náà rọ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ń wá ẹni tó mọ̀. Mo yọ ata gígún tí ìyàwó mi dì sí àpò mi. Ingrid tọ́ ọ wò, omi dà lójú rẹ̀, ó tún nawọ́ gbà á. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí wọ́n bá ti kí ọ láàárọ̀, ó ti parí, wọn kò ní kí ọ mọ́ di ọjọ́ kejì. Àwa tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, tí a ń kí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, ara mi kò gbà á.

Tọ́pẹ́ ní, "Daddy, ẹ pàlọ́ fún Ingrid. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún mi."

Mo nawọ́ sí fèrèsé. Oòrùn ṣì ń tàn sára ògiri. "A kì í pàlọ́ lójú ọ̀sán. Àwọn àgbà ní ìyá ẹni tó bá ṣe é á sọnù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣàlàyé fún Ingrid ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fẹ́ pàlọ́ á ké sáwọn tó jókòó pé "Ààlọ́ o!" àwọn náà á sì gbè é pé "Ààlọ̀!"

Ingrid bi mí pé, "Tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ńkọ́?"

"Kò sí i. Ẹni tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà, bó bá gbọ́ ọ lójú oorun, á dáhùn."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí nílé wa. Mo ní Àkànní. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gún régé díẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Àkànní, lọ́la ìwọ náà máa bá wa lọ. Kùrukùru máa ń ti ojú òkun wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bí mo bá pè ọ́, kíá ni kí o dáhùn. Ìbọn kò lójú."

Mo mi orí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà fi òfin mìíràn sí mi létí: ohùn tí o kò bá rí ẹnu tó ti jáde, má dá a lóhùn. Wọ́n ní ohun tí kì í ṣe èèyàn lè jí orúkọ èèyàn pè. Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, n kò tíì rú òfin yẹn rí. Nílé wa ní Gorton, bí mo bá pe Tọ́pẹ́ láti ìsàlẹ̀, tó dáhùn láti yàrá òkè pé "Yeah?" mo máa bá a wí pé kó wá wo ojú mi ná. Kódà lórí fóònù, n kì í sọ̀rọ̀ títí àwòrán rẹ̀ á fi jáde. Ṣùgbọ́n àgbà ni Ingrid, a kì í sì jókòó ti oúnjẹ àgbà kí a máa bá a jiyàn. Mo mi orí, mo ní ẹ ṣeun.

Àfonífojì

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a rìn wọ àfonífojì kan. Ingrid wà níwájú, Tọ́pẹ́ tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Gbogbo wa wọ ẹ̀wù pénpé aláwọ̀ ọsàn lé orí ẹ̀wù òtútù wa kí a lè máa rí ara wa. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ bàtà bí ẹní tí a tẹ́ lé ara wọn, ó pọ́n ní apá kan bí ẹni da osùn sí i, ó sì pupa rúsúrúsú ní apá kejì. Kò sí ohun tó ga ju kókósẹ̀ mi lọ. Kò sí kòkòrò tó ń ké. Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi nínú etí mi.

"Daddy, ẹ rọra. Ẹ ń tẹ igbó mọ́lẹ̀."

"Igbó dà?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka. Igi ni lóòótọ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí àyà, ó ń fà nílẹ̀ bí alángbá, kò ga tó ìka mi, ewé rẹ̀ rí bí etí eku. "Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín," ni Tọ́pẹ́ wí. "Ó ti mọ̀ pé tí òun bá fi dìde, afẹ́fẹ́ á pa òun."

Mo kí igi náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé etí odò kékeré kan, Ingrid gbọ́wọ́ sókè. Nínú ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo tí a fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Èékánná rẹ̀ hàn ketekete. Ingrid lóṣòó tì í, ó tẹ etí rẹ̀ wò.

"Ti àná," ló wí. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbọn kúrò ní ẹ̀yìn, ó gbé e sí iwájú.

Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń ti irin gígùn bọ inú ihò, ó ń ka nọ́ńbà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró tì í, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Tọ́pẹ́, ìyá ẹ ní kí o máa bọ̀ nílé."

Kò gbórí sókè. "Daddy, wọ́n ti mọ ohun tí ilẹ̀ yìí ń ṣe nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ohun tó ń ṣe nínú dark ni wọn ò mọ̀. Tí mo bá lọ, ta ló máa ka àwọn ihò yìí?"

"Òkùnkùn kì í ṣe ohun tí ọmọ èèyàn ń lọ kà."

"Ẹ ò lè force mi o."

"Mi ò force ẹ. Mò ń bẹ̀ ọ́ ni. Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ kú sí ìdí fóònù ni?"

Ó ti irin bọ inú ihò mìíràn. Inú bí mi, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí. Ingrid ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, níbo ni bàbá ọmọ máa dúró tọ̀ sí níbi tí kò sí igi, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wò? Òkúta ńlá kan wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù pénpé yẹn bo ìdè aṣọ mi, mo bọ́ ọ, mo fi lé orí òkúta. Nígbà tí mo ṣe tán tí mo yíjú padà, àfonífojì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kùrukùru ti dé. Kò ké, kò fẹ́. Ó kàn pa ayé rẹ́ bí ẹni fi aṣọ nu pátákó. Mo nawọ́ sórí òkúta, n kò rí ẹ̀wù pénpé. Mo sún síwájú díẹ̀ láti wá a, mo tún sọ òkúta fúnra rẹ̀ nù.

Ìgbà náà ni ohùn kan pè mí.

"Àkànní!"

Mo pa ẹnu mi dé.

"Àkànní!" Apá òsì ni àkọ́kọ́ ti wá, apá ọ̀tún ni èyí ti wá. Èèyàn wo ló ń rìn kíákíá bẹ́ẹ̀? Orí mi wú. Mo gbọ́ "Daddy!" pẹ̀lú, ohùn ọmọ mi, ó tín-ín-rín bí ẹni pé láti inú ihò ló ti ń bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó lè jí orúkọ mi lè jí ohùn ọmọ mi. Òkúta kékeré kan yí gbirigbiri lẹ́yìn mi. Mo rántí ojú ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀. Mo rántí ilẹ̀ tí kì í gba òkú.

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ tẹlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rá, kí n má baà ṣubú, kí ohun yòówù tó wà lẹ́yìn mi má sì rí mi. Mo dákẹ́, mo rọra, mò ń fàyà fà bí igi ibẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀wù ara mi.

Níwájú mi, kò jìnnà, irin kan dún: kẹ̀rẹ̀kẹ́.

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí ara mi bí wọ́n ṣe ń rí mi: ohun ńlá, ohun funfun, tó rẹ ara sílẹ̀, tí kì í dáhùn, tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kígbe. Ìyá àgbà mi di ẹnu mi mú láti inú sàréè.

Nígbà náà ni ẹnì kan fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ ké nínú kùrukùru:

"Ààlọ́ o!"

Ẹnu mi dá a lóhùn kí ẹ̀rù mi tó mọ̀. "Ààlọ̀!"

Lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n yọ sí mi, àárín wa kò ju láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Gorton dé ti aládùúgbò wa lọ. Ingrid yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò náà ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn níbí, n kò tíì fi pa ohunkóhun. Má fi ara rẹ ṣe àkọ́kọ́." Ó bojú.

Tọ́pẹ́ lù mí láyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Kí ló dé tẹ́ ò dáhùn? A pè yín, a pè yín!"

"Mi ò rí yín."

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé rule ìyá àgbà yín yẹn ni! Mo sọ fún Ingrid pé wait, wait, bàbá mi kì í dáhùn!" Ó bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Bàbá àti ọmọ, nínú ayé tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àwa mẹ́ta àti ìbọn kan lọ.

N kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó jẹ́ ká lọ. Mo wá nítorí mo rò pé yóò sọnù. Èmi ni mo sọnù, òun ló pè mí wálé. Ní ọjọ́ tí mo ń padà, lẹ́bàá pátákó béárì, ó bi mí pé, "Daddy, kí lẹ máa sọ fún Mummy?"

"Òótọ́."

"Ah. Mo mọ Mummy. Ẹ yáa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná."

Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, kò wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ló wò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti rò ó fún un, láti orí ojú ẹsẹ̀ dé orí ìbọn. Nígbà tí mo dé ibi àlọ́, ó gbọ́wọ́ lé àyà.

"Ọ̀sán ni?"

"Ọ̀sán gangan."

Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wò ó bóyá òun pé. "Ọmọ yẹn fi mí ra yín nìyẹn," ló wí. Ó wọ ilé ìdáná. Ó bu oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi ata sí i. Ó ní ẹni tó lọ tó bọ̀ láìmú ọmọ bọ̀, kó máa jẹ oúnjẹ ibi tó lọ.

Oòrùn ti wọ̀ lọ́dọ̀ Tọ́pẹ́ báyìí, kò ní yọ mọ́ títí di oṣù kejì ọdún. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dún ní Hyde Road, nítòsí ilé wa, mo máa ń ronú èyí tó ń fẹ́ lọ́hùn-ún. Bí fóònù bá pẹ́ kó tó dún, èmi àti ìyá rẹ̀ kì í wo ojú ara wa.

Lánàá, mo wà níbi iṣẹ́, mo jókòó láti jẹun ọ̀sán. Fóònù dún. Àwòrán kò jáde. Dúdú nìkan ló kún ojú rẹ̀, ohùn ló sì wọlé láàárín ariwo afẹ́fẹ́.

"Daddy, aago méjìlá ọ̀sán ni o, mi ò sì lè rí ọwọ́ ara mi. Ó ti di alẹ́ tó, àbí?"

"Ó ti di alẹ́ lọ́dọ̀ tìrẹ. Ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ mi."

"Èmi ni mo fẹ́ pàlọ́, alẹ́ sì ni lọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ máa dáhùn?"

Mo dúró kí àwòrán jáde. Kò jáde. Láti ojú fèrèsé, kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ sórí Oxford Road, bọ́ọ̀sì ti tan iná. Ohùn náà tún dé, n kò rí ẹnu tó ti jáde.

"Ààlọ́ o!"

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jẹun yíjú padà, nítorí igbe tí mo fi dá a lóhùn yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.